Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Láàárín Igi Tí Ń Wọ́wé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjokòó, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé yín láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìrìn ẹsẹ̀, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí àwọn tó pè mí béèrè ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo sì dá wọn lóhùn pé ìrìn orí òkè àti inú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà ìwọ́wé ni, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé èyí tí àwọn bàbá wa rìn kò tíì tó ni?” N kò bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló fi ẹsẹ̀ lọ oko, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lọ odò, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin máìlì púpọ̀ lọ sílé ìwé. Torí kí ọmọ wọn má baà rìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe forí ṣe fọrùn ṣe láti rán an níwèé. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá dé Lọ́ńdọ̀nù, kí ó máa sanwó ọkọ̀ ojú irin láti lọ rin inú oko olóko nínú òtútù àti ẹrẹ̀, ó yẹ kí a rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀ kí a tó gbọ́ àlàyé.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. N kò lè ṣèlérí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti kún igbó England débi pé ó ti lé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa onílé kúrò ní ibi púpọ̀. Ohun tí mo rí nínú ìrìn tèmi, tí mo sì rò pé ó tó sọ fún àwùjọ yìí, ni pé ewé tó ń pọ́n lórí igi ló máa ń pe ènìyàn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà lábẹ́ ewé náà ni ogún tó ṣe iyebíye jù. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la oko olóko kọjá ní ilẹ̀ yìí jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ẹni tó dé lánàá, ìbáà jẹ́ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ sùn sí itẹ́ òkú abúlé. Ẹsẹ̀ àwọn tó sì ń rìn ín ni kò jẹ́ kí ó parẹ́. Bí a bá ka gbogbo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales pọ̀, gígùn wọn tó nǹkan bí 140,000 máìlì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ewé, nítorí òun ni gbogbo ojú ń wò. Ìgbà ìwọ́wé ń bẹ̀rẹ̀ ní September, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23, ó sì ń lọ títí dé ìparí November. Igi ilé wa náà ń wọ́wé. Ẹni tó bá mọ àràbà tàbí igi tíìkì nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dá omi ló ń mú igi tiwa wọ́wé. Ní England, kíkúrú ọ̀sán àti títutù afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ ń sọ fún igi pé ọdún ti ń lọ sópin. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chlorophyll, tí ó mú kí ewé ní àwọ̀ ewéko, tí igi sì fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti se oúnjẹ rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́, igi sì ní láti máa ṣe tuntun ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ọ̀sán bá ti kúrú, igi á dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró, á máa fa ohun tó níyì nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti ìtì rẹ̀, bí ẹni tó ń kó èlùbọ́ kúrò lórí àpáta kí òjò tó dé. Àwọ̀ ìyeyè tó ti wà nínú ewé láti ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ewéko bò mọ́lẹ̀, á wá yọjú. Àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí èyí: igi ń ṣe é ní tuntun láti inú ṣúgà tó há sínú ewé, ìdí nìyẹn tí ọdún tí ọ̀sán rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí òru rẹ̀ sì tutù láìdì, fi máa ń pọ́n ju ọdún olójò lọ. Lẹ́yìn èyí ni igi á mọ ògiri tínńtín kan sí ìdí ọrùn ewé, afẹ́fẹ́ kékeré á sì parí èyí tó kù.

Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ ni òkè Chiltern, ní apá ìwọ̀ oòrùn àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kì í ṣe òkè Ìdànrè. Èyí tó ga jù nínú wọn, Haddington Hill, kò ju mítà 267 lọ, kò sì sí àpáta dúdú kan tí ènìyàn lè dì mọ́. Ẹfun ni wọ́n. Ẹfun òrìṣà tiwa, amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Chiltern jẹ́ ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tó kú sí ìsàlẹ̀ òkun ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 65 ọdún sẹ́yìn, tí ó dì pọ̀, tí ilẹ̀ sì gbé e sókè lẹ́yìn náà. Omi òjò kì í dúró lórí rẹ̀. Ó ń rì wọlẹ̀ ni, nítorí náà ni àfonífojì púpọ̀ níbẹ̀ kò fi ní odò. Inú ẹfun náà ni akọ òkúta dúdú wà, òun ni wọ́n sì fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ògiri ilé àtijọ́ ní agbègbè náà. Akọ òkúta yìí kò ṣàjèjì sí wa bí a ṣe rò. Ní ìlú Brandon ní Suffolk, níbi tí ilẹ̀ ẹfun kan náà ti yọ dé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún ìbọn tó ń fi òkúta ṣáná, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà títí wọ ọ̀rúndún ogún. Ó ṣeé ṣe kí ọdẹ kan nínú igbó tiwa ti fi ègé ilẹ̀ England pa ẹtu láìmọ̀.

Láti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin ń dé ibùdókọ̀ Tring ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ibùdókọ̀ náà jìnnà sí ìlú Tring; abúlé Aldbury ló sún mọ́ jù, kò ju ìrìn máìlì kan lọ láàárín oko. Ẹ̀ka ọ̀nà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òpó igi kékeré sì wà níbẹ̀ tó ní ọfà lára: ọfà ìyeyè fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọfà aláwọ̀ búlúù fún ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo dúró níwájú ọgbà oko náà fún ìgbà díẹ̀, mò ń retí kí ẹnì kan jáde wá béèrè ohun tí mò ń wá. Lójú ẹni tó ti gbé ìlú tí maigádì ti ń jókòó sẹ́nu géètì gbogbo, ọfà kékeré kan kò jọ ohun tó tó gbára lé. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń fa ajá kọjá ló kí mi, tí ó sì ṣí ọgbà náà fún mi bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò rẹ̀.

Ìkíni yẹn yà mí lẹ́nu ju bí ọ̀nà náà ṣe yà mí lẹ́nu lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè bá aládùúgbò yín gbé ilé kan náà fún ọdún mẹ́ta kí ó má mọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, ẹni tí ẹ kò rí rí máa kí yín, á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, á sì sọ fún yín pé ẹrẹ̀ pọ̀ níwájú. Ìwà ọ̀nà oko gan-an nìyẹn. Ohun tí wọ́n kò ní ni irú ìkíni tiwa, nítorí “ẹ káàárọ̀” lásán ni tiwọn mọ, wọn kò ní “ẹ kú ìrìn” tàbí “ẹ kú ojú ọ̀nà”. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń kí wọn bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá, tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Aldbury jẹ́ irú abúlé tí wọ́n ń yà sára páálí ṣokoléètì. Adágún omi kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ilé alágẹ̀ẹ́rẹ̀ onígi àti bíríkì yí i ká, ilé ọtí wà níbẹ̀ tí wọn kì í bínú sí bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà gan-an ni àbà onígi tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀daràn láyé àtijọ́ wà, irú èyí tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ ní Fílípì, pẹ̀lú òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ nà. Mo fẹ́ràn kí àlejò rí i kí ó tó yin ẹwà abúlé náà tán. Àwọn tó kọ́ irú ilé rírẹwà wọ̀nyí kì í sùn nínú àlàáfíà lójoojúmọ́, òfin ilẹ̀ náà kì í sì í dáàbò bo tálákà wọn.

Tó bá ṣe ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí September tàbí ìbẹ̀rẹ̀ October ni ẹ yọ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá elégédé, ápù, ìtí àlìkámà àti oúnjẹ inú agolo tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ. Ìkórè ni. Àwa tí a ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ìkórè, tí a ń pàtẹ iṣu àti adìyẹ fún títà lẹ́yìn ìsìn, a máa ń rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Ìjọ Áńgílíkà ti ń ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ìsìn náà lélẹ̀ ní irú èyí tí a mọ̀ lónìí ni àlùfáà Robert Hawker, ní abúlé Morwenstow ní Cornwall, ní ọdún 1843. Ọdún 1843 kan náà, ní January, ni míṣọ́nnárì Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. A jẹ́ pé Ìkórè àti Ìjọ Ẹ̀gbá, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ abúlé kò lè tán kí n má mẹ́nu ba nǹkan kan tí àwọn kan nínú yín mọ̀ jù mí lọ. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n gbé fún òyìnbó tọ́ ní Kent, Sussex àti ibòmíràn, níbi tí òbí wọn ń sanwó ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń wá wò wọ́n nígbà tí ìwé àti iṣẹ́ bá fún wọn láàyè. Fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn abúlé kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ tí ènìyàn ń sanwó ọkọ̀ lọ. Ọ̀nà ilé ìwé ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti já èso ẹ̀gún dúdú tí wọ́n ń pè ní blackberry, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pè wọ́n ní orúkọ tí kò ṣeé tún sọ níbí. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ìgbèríko England kì í ṣe ibi tí aláwọ̀ dúdú ń dé, mo máa ń dákẹ́. Àwọn kan ti débẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé dúdú ni àwọn.

Láti Aldbury, ọ̀nà á gun òkè wọ inú igbó Ashridge, ibẹ̀ ni ìgbà ìwọ́wé sì ń gbé agbára rẹ̀ jáde. Igi beech ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán, ó láwọ̀ eérú bí awọ erin, orí rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí koríko kì í fi í rí oòrùn hù dáadáa ní abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí October bá ti ń lọ sópin, ewé rẹ̀ á kúrò ní àwọ̀ ewéko, á di ìyeyè, á sì di àwọ̀ bàbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Èyí tó ti já sílẹ̀ náà kò yí padà kíákíá. Ó ń tẹ́ sílẹ̀ ní ìpele ìpele, tí ẹsẹ̀ bá kàn án, á máa ró ṣàràṣàrà, débi pé àwọn méjì tó ń rìn pọ̀ ní láti gbé ohùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Àwọn ọmọ igi beech kì í tilẹ̀ í gbà kí ewé wọn já. Ó máa gbẹ sára wọn títí ìgbà ìrúwé, bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ bọ́ agbádá àná.

Ẹ má ṣe rò pé igbó wúńdíá ni. Ọwọ́ ènìyàn ló tọ́ igi beech Chiltern dàgbà. Ìlú High Wycombe tó wà ní gúúsù òkè náà ni olú ìlú àga ní England ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú irú igbó yìí sì ni àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní bodger máa ń pàgọ́ sí. Wọ́n á gé igi tútù, wọ́n á fi ẹ̀rọ onípẹ́dàlì tí ọmọ igi títẹ̀ ń fà padà yí i di ẹsẹ̀ àga, wọ́n á sì kó ẹsẹ̀ àga náà lọ sí ìlú, níbi tí àwọn mìíràn ti ń tò ó mọ́ ìjókòó. Nínú àwọn ọdún 1870, Wycombe gba iṣẹ́ àga tó lé ní 19,000 fún ìpàdé ìsọjí tí Moody àti Sankey, àwọn ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, wá ṣe. Sankey tí mo wí yìí náà ni ẹni tí àwọn ìyá wa ń pe ìwé orin rẹ̀ ní “Sáńkì”.

Ìkìlọ̀ kan nìyí fún àwọn tó bá gbójú sílẹ̀ nínú igbó náà. Olú pọ̀ níbẹ̀ ní October. Àwa tí a mọ olú ọ̀gán, ọwọ́ wa kì í gbé jẹ́ẹ́ tí a bá rí olú funfun tó dúró ṣánṣán lábẹ́ igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀kan wà tí ń hù sábẹ́ igi óákù àti beech, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì jásí “fìlà ikú”, ó jọ ohun tó ṣeé sè lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, síse kò sì pa oró rẹ̀. Ohun mìíràn tí ẹ lè bá pàdé ni àgbọ̀nrín. October ni ìgbà tí akọ wọn ń jà sí abo. Ẹ máa gbọ́ ohùn wọn kí ẹ tó rí wọn, ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà sanra kan ń hanrun lẹ́yìn oúnjẹ ọdún. Ẹ dúró ní òkèèrè.

Báyìí ni mo wá dé ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbó tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ilẹ̀ olówó ni. Láti 1604 títí dé 1914, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin England ṣe òfin tó lé ní 5,200 tí wọ́n fi ń sọ ilẹ̀ àjùmọ̀ní di ti ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì kó ilẹ̀ tó tó éékà mílíọ̀nù 6.8. Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni ibi tí tálákà ti ń da ewúrẹ́ àti àgùntàn rẹ̀, tí ó ti ń gé igi ìdáná àti koríko. Nígbà tí ọgbà bá ti yí i ká, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìran dé ìran á di arúfin lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń da ẹran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1866, Lord Brownlow tó ni Ashridge fi ọgbà irin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yí ohun tó lé ní éékà 400 ká nínú ilẹ̀ àjùmọ̀ní Berkhamsted, lápá gúúsù igbó yìí. Kò gba òfin kankan láti ilé ìgbìmọ̀. Agbára rẹ̀ ló fọkàn tẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Augustus Smith, tó ní ilẹ̀ ní agbègbè náà tó sì ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ àjùmọ̀ní, kò gbà. Ó bá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àjùmọ̀ní, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1865, gbìmọ̀ pọ̀. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù March 1866, wọ́n kó òṣìṣẹ́ alágbára tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, irú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fún ojú irin, wọ́n háyà ọkọ̀ ojú irin fún wọn láti Euston, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Tring lóru dúdú, ibùdókọ̀ kan náà tí a sọ̀kalẹ̀ sí láàárọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó pẹ̀lú ọ̀pá irin àti òòlù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti tú ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, wọ́n sì tò ó sílẹ̀ létòlétò, wọn kò ba ohun mìíràn jẹ́. Nígbà tí ìròyìn dé ìlú, àwọn ará Berkhamsted tú jáde, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n wá tẹ ilẹ̀ wọn. Brownlow pe ẹjọ́. Ó tọ́ lójú olówó láti rò pé ilé ẹjọ́ á gbè é, ṣùgbọ́n ní 1870, adájọ́ dá Smith láre, ilẹ̀ náà sì ṣí sílẹ̀ títí di òní. Apá ńlá nínú Ashridge fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ní 1926.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ìtàn Kinder Scout tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kinder ló ṣí ojú ìjọba. Ọjọ́ 24 oṣù April 1932 ni àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti àyíká rẹ̀ gun òkè Kinder, níbi tí àwọn olówó ti ń pa ẹyẹ àparò wọn tí wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n fún oṣù méjì sí mẹ́fà. Ní 1949, òfin jáde tó pàṣẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti ya gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú máàpù, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé òun kò mọ̀. Ní 1951, agbègbè Kinder di ara ọgbà ìṣẹ̀dá àkọ́kọ́ ti ìjọba ní ilẹ̀ náà.

Ibi tí òfin wọn ti wù mí jù nìyí: òfin ọ̀nà ti 1980 sọ pé bí àwọn ènìyàn bá ti ń gba ibì kan kọjá fún ogún ọdún láìgba àṣẹ, láìfi ipá, láìfi ara pamọ́, òfin á kà á sí pé onílẹ̀ ti yọ̀ǹda ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn, àfi bó bá lè fi hàn pé òun kò ní i lọ́kàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń kọ ìwé ilẹ̀ náà. Ìgbà ìwọ́wé ni ẹ sì lè rí i pé òfin náà ń ṣiṣẹ́, nítorí àkókò yìí ni àgbẹ̀ ń túlẹ̀ fún àlìkámà tí wọn yóò kórè ní ọdún tó ń bọ̀. Àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi katakata kọjá lórí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la àárín oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti tún un ṣe padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọ́kọ́ dà á rú. Tí ẹ bá rí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, tí ìlà tóóró kan sì gba àárín rẹ̀ lọ tààrà, tí ohunkóhun kò hù lójú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló là á fún yín. Ohun tó ń bí i nínú ni kí ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ tẹ ohun ọ̀gbìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹrẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọgbà sílẹ̀ ní ṣíṣí tí àgùntàn á fi jáde.

Ìmúrasílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ wọ bàtà tó di kókósẹ̀ mú, nítorí ẹfun tútù ń yọ̀ bí ilá. Ẹ mú tíì gbígbóná dání, àti máàpù aláwọ̀ ọsàn ti Ordnance Survey, èyí tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin rẹ̀ dúró fún kìlómítà kan, tí ó sì fi ìlà ewéko gígé gígé fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn. Fóònù máa ń kú nínú òtútù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ agogo. Àwa tí a dàgbà níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje ní gbogbo ọdún kì í tètè gba èyí gbọ́: ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn October, wọ́n á dá agogo padà ní wákàtí kan, oòrùn á sì wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá kúrò nílé ní aago kan ọ̀sán, inú òkùnkùn ni yóò ti padà.

Láti inú igbó, ọ̀nà á bọ́ sí gbalasa, á sì gun Ivinghoe Beacon, tó ga ní mítà 233. Ibẹ̀ ni ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní Ridgeway parí sí, lẹ́yìn máìlì 87 láti ẹ̀gbẹ́ Avebury. Igi kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ débi pé fìlà kì í dúró. Lókè orí wa ni àwọn àwòdì pupa ń rà bàbà. Wọ́n ti pa irú wọn run ní England kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Láti 1989 sí 1994 ni wọ́n kó ọmọ wọn wá láti Spain, tí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ lórí òkè Chiltern, wọ́n wá pọ̀ nísinsìnyí bí ẹyẹlé. Ẹ mọ àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Orí Beacon ni mo ti rí i ṣe é lójú mi. Ní òdìkejì àfonífojì, ẹ ó rí kìnnìún funfun kan lára òkè Whipsnade, tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹfun ní 1933, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 147.

A ń gba Ridgeway padà sí Tring, gbogbo ìrìn náà á sì tó máìlì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ ti máa ń ṣú bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Pitstone, iná ibùdókọ̀ á máa tàn níwájú, a ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti retí ọkọ̀ Euston. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé, ẹrẹ̀ ara bàtà wa á ti gbẹ, á ti funfun báláú. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó bá wa rìn wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí nínú ọkọ̀ náà, ó wá ní bí ẹnikẹ́ni bá rí òun nílé báyìí, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ Ọbàtálá ni òun ti ń bọ̀.